Bí A Ṣe Ń Wo Iṣẹ́ Arieh Sharon Nínú Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ayàwòrán ilé kan dáadáa kò gbọdọ̀ dúró lórí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nìkan; ó ní láti wọ inú ilé tí ẹni náà yà, kí ó dúró síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, kí ó sì tún padà wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní àǹfààní ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, ṣe ní ayé rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kàwé jáde níbẹ̀ láì mọ orúkọ ọkùnrin náà. Ẹni tí ó bá ṣetán láti fi ọjọ́ kan tàbí méjì wo ọgbà náà pẹ̀lú òye ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ó kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà tàbí kò kọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ máa wá kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tí ìrísí ilé ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Bí àjà òkè bá yọ síta, ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ilé bá ṣófo, tí òpó nìkan gbé e dúró, ẹ béèrè ẹni tí àǹfààní rẹ̀ kàn. Ìbéèrè yìí ni Sharon fúnra rẹ̀ kọ́ nílé ìwé, òun náà ni ó sì gbé wá sí Ifẹ̀.

Ìtàn tí ẹ nílò kí ẹ tó jáde nílé

Ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní ìlú Jarosław, ní agbègbè Galicia tí ó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tí ó sì ti di ara ilẹ̀ Poland lónìí. Ní ọdún 1920 ó kó lọ sí Palestine, ó sì ń gbé ní Gan Shmuel, ọ̀kan nínú àwọn abúlé oko tí wọ́n ń pè ní kibbutz, níbi tí ilẹ̀, oúnjẹ àti iṣẹ́ ti jẹ́ àjọní gbogbo ará abúlé. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé oko, pẹ̀lú owó tí kò pọ̀ àti ohun èlò tí kò tó nǹkan, fún àwọn ènìyàn tí òun alára ń bá jẹun.

Ní ọdún 1926 ó lọ sí Jámánì, ó sì wọ Bauhaus ní ìlú Dessau, ilé ẹ̀kọ́ tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar ní ọdún 1919. Ẹni tí ó ní ipa lórí rẹ̀ jù níbẹ̀ ni Hannes Meyer, tí ó di olórí ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn Gropius. Ẹ̀kọ́ Meyer ni pé kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan, ó gbọ́dọ̀ mọ bí àwọn tí yóò lo ilé náà ṣe ń gbé ayé wọn: ìgbà tí wọ́n ń jí, ibi tí wọ́n ń jókòó sí, ibi tí oòrùn ti ń wọlé sí wọn lára, àti ariwo tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Sharon ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lórí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ ní Bernau, lẹ́bàá Berlin, láàárín ọdún 1928 sí 1930. UNESCO fi ilé náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2017. Bí ẹ bá lè rí àwòrán Bernau lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó kí ẹ tó lọ sí Ifẹ̀, nítorí pé ẹ óò rí i bí àwọn ilé kéékèèké tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ so pọ̀ ṣe ń bá ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ó padà sí Tel Aviv ní ọdún 1931. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí níbẹ̀ ni ilé àwọn òṣìṣẹ́, tí ó tò yí àgbàlá kan ká kí gbogbo ìdílé lè jọ ní ọgbà kan náà. Ní ọdún 1948, ìjọba Ísírẹ́lì tuntun fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìfètò-sí-ìlú, ètò tí ó sì ṣe ló pinnu ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú tuntun orílẹ̀-èdè náà wà títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ogún tí Sharon fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ibí yìí: lára ilẹ̀ tí ètò yẹn pín ni àwọn ará Palestine ti ń gbé kí ogun ọdún 1948 tó lé wọn kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Benjamin Idelson, tí wọ́n sì jọ ya àwọn ilé ìwòsàn bíi Soroka ní Beersheba. Ó gba Ẹ̀bùn Ísírẹ́lì ní ọdún 1962. Láti ọdún 1965, ọmọ rẹ̀, Eldar, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì kú ní Paris ní ọdún 1984.

Báwo ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ashby ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà yẹ̀ wò, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1960, Sanya Onabamiro tí ó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn kọ̀ láti fara mọ́ ohun tí àwọn tó kù pinnu fún ẹkùn wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì pinnu láti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba náà ní àjọṣe iṣẹ́ pẹ̀lú Ísírẹ́lì nígbà náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti mú Sharon wá, tí òun àti ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, A. A. Egbor, fi jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ní Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Ọdún 1967 ni yunifásítì kó dé Ifẹ̀. Sharon kò yà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó máa lọ. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ń padà wá, èyí sì ṣọ̀wọ́n fún ayàwòrán ilé tí ó wá láti òkèèrè.

Ìmúrasílẹ̀

Bí ẹ bá lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì tún lọ ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje nígbà òjò. Ẹ mú ìwé tí kò ní ìlà dání, pẹ́ńsùlù, téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti fóònù tí ó ní kọ́ńpáàsì. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé ilé ni ẹ wá wò, ẹ má sì wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láì kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Ẹ má gun orí òrùlé kankan.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má tètè yọ kámẹ́rà. Ẹni tí ó bá ya àwòrán kí ó tó wo nǹkan sábà máa ń rí ojú ilé nìkan, àṣírí iṣẹ́ Sharon kò sì sí lójú ilé. Inú ni ó wà.

Láti ẹnu géètì

Bí ẹ bá ti wọlé láti géètì ńlá, ẹ kíyè sí i pé ẹ óò rìn jìnnà kí ẹ tó rí ilé ẹ̀kọ́. Sharon kò fọ́n ilé ká gbogbo ilẹ̀ náà. Ó kó ohun tí í ṣe ti ẹ̀kọ́ jọ sí àárín, ìyẹn ilé ìkàwé, ilé ìṣàkóso, gbọ̀ngàn àti àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ó fi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi igbó àti òkè sílẹ̀ bí ó ṣe bá wọn. Nígbà tí ẹ bá dé àárín yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó yà á fún. Ẹ rìn láti ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi lọ sí ilé Humanities, kí ẹ sì máa sàmì sí ibi tí òjìji ti bò yín àti ibi tí oòrùn ti rí yín. Ẹ ya ọ̀nà náà sínú ìwé, kí ẹ fi ìlà dúdú ṣe ibi òjìji.

Ilé ìkàwé náà ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣe olórí yunifásítì láti ọdún 1966 sí 1975. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n kó dé Ifẹ̀, tí púpọ̀ nínú ètò tí Sharon ṣe sì di ilé. Ayàwòrán ilé kì í dá ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó nílò ẹni tí yóò máa bójú tó o títí ilé yóò fi parí, mo sì gbà pé ó yẹ kí a máa dárúkọ Oluwasanmi nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbà náà.

Àwọn ilé Humanities

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní ibi tí ẹ ti lè rí ilé náà ní ìbú rẹ̀. Ẹ óò rí i pé àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, tí ilé náà fi ń fẹ̀ bí ó ṣe ń ga, bí ẹni dojú pírámíìdì dé. Ẹ yọ kọ́ńpáàsì, kí ẹ mọ ìhà tí àwọn ẹ̀gbẹ́ gígùn kọjú sí. Àríwá àti gúúsù ni wọ́n ń wò. Àwọn ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀ débi pé kò sí ètí òrùlé tí ó lè dí i.

Ìṣirò kan wà tí yóò jẹ́ kí ìrísí yìí yé yín pátápátá. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 7.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní ọ̀sán gangan ní ìparí oṣù Kejìlá, ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń wà, gíga rẹ̀ yóò sì tó dígírì 59. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ìhà àríwá ni ó máa ń wà, ní nǹkan bíi dígírì 74. Ní oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, yóò gba àtàrí wa kọjá. Ní Tel Aviv, níbi tí Sharon ti kọ́ ilé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó wá, oòrùn ọ̀sán kì í bọ́ sí ìhà àríwá rárá. Ẹni tí ó bá kàn gbé àwòrán ilé Tel Aviv wá sí Ifẹ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ àríwá sílẹ̀ láìbò. Ilé Humanities bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí sì fi hàn pé ẹni tí ó yà á ti jókòó ti ìwé oòrùn ibí kí ó tó mú pẹ́ńsùlù.

Ẹ wọn bí àjà kan ṣe yọ síta tó, níbi tí ọwọ́ yín bá ti lè tó o láìséwu. Fún mítà 1 tí ó bá yọ, yóò bo ògiri tí ó tó mítà 1.6 ní ìhà gúúsù ní ọ̀sán oṣù Kejìlá, yóò sì bo èyí tí ó lé ní mítà 3.4 ní ìhà àríwá ní ọ̀sán oṣù Kẹfà. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ náà, kí ẹ sì wo ibi tí ìlà òjìji dé lára ògiri. Bí ìṣirò yín bá bá ohun tí ojú yín rí mu, ẹ ti ń lo ilé náà bí ẹni tí ó yà á ṣe fẹ́ kí a lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ilé náà ní ìlà-sí-méjì, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ kí inú rẹ̀ lè hàn, kí ẹ fa ìlà oòrùn oṣù Kejìlá àti ti oṣù Kẹfà sí i. Àwòrán kan ṣoṣo yìí wúlò ju ogún fọ́tò lọ.

Ẹ wá wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan lè jáde ní ìkejì láì dúró sáàárín. Ẹ di òwú yẹn mú ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ wo ìhà tí ó ń fẹ́ sí. Nígbà òjò, atẹ́gùn tí ó ń ti òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ẹ óò bá. Nígbà ọyẹ́, ti àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ tún òwú náà dì mú nínú yàrá tí wọ́n ti dí fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ óò rí i pé òwú kò mira. Bí iná mànàmáná bá lọ, yàrá yẹn kò ní ṣeé jókòó sí, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ṣì tutù.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró sábẹ́ àjà kìíní, kí ẹ gbójú sókè wo etí kọnkéré náà. Ẹ wò bóyá ẹ óò rí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n là sí abẹ́ etí yẹn ní gígùn. Omi tí ó bá ń rìn wọlé lábẹ́ kọnkéré yóò dé ibẹ̀, kò ní lè kọjá, yóò sì já bọ́ sílẹ̀ kí ó tó kan ògiri. Níbi tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì tàbí ọ̀dà dí ọ̀nà yẹn, ẹ óò rí ìlà dúdú tí omi fà sára ògiri nísàlẹ̀. Nǹkan bíi mìlímítà 1,400 ni òjò tí ń rọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún, nítorí náà ọ̀nà tóóró náà ń gba ògiri sílẹ̀ gan-an. Ẹ tún wo ojú kọnkéré tí wọn kò kùn, bóyá ojú pákó tí wọ́n fi dà á ṣì hàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà tí a kò mọ orúkọ wọn ni.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà tí Sharon gbà kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ yà ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ẹ bá ń padà. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ya ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú Ifẹ̀. Wọ́n lo ògiri oníhò, ìyẹn búlọ́ọ̀kù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí oòrùn kò sì lè là kọjá tán, bí ẹ óò ṣe rí i lára ilé ìkàwé Kenneth Dike. Ìbàdàn fi aṣọ bo ara ilé. Ifẹ̀ fi ara ilé fúnra rẹ̀ ṣe ìbòòji. Mo fẹ́ràn ti Ifẹ̀ jù, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tú kúrò lára rẹ̀ tí ìbòòji yóò fi lọ, ṣùgbọ́n ògiri oníhò ti Ìbàdàn rọrùn jù fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé kékeré pẹ̀lú owó tí kò pọ̀.

Gbọ̀ngàn Odùduwà

Kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìgboro, kí ẹ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tí gíga rẹ̀ tó mítà 5.5, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Gbọ̀ngàn Odùduwà, tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀wádún 1970, Sharon kò dúró lórí oòrùn àti afẹ́fẹ́ nìkan mọ́. Harold Rubin, ayàwòrán ilé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Johannesburg, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Sharon, fi àwọn àmì tí ó wá láti inú iṣẹ́ ọnà Yorùbá sí i. Ẹ fi ohun tí ẹ rí ní ìgboro wé ohun tí ẹ bá rí lára gbọ̀ngàn, kí ẹ sì ṣe ìdájọ́ fúnra yín. Ní tèmi, mo mọrírì àwọn àmì náà, ṣùgbọ́n mo gbà pé àmfitíátà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, tí ó ṣí sí ojú ọ̀run, súnmọ́ ìwà wa ju ohunkóhun tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri lọ. Ìta gbangba ni eégún ti ń jó, ìta gbangba ni a ti ń pàdé, ẹni tí ó bá sì ti jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí eré ń lọ lọ́wọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ bá wa lára mu.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ilé tí ó wà nínú ọgbà náà ni Sharon yà. Àwọn mìíràn ni wọ́n ya àwọn kan, àwọn kan sì ti yí padà púpọ̀. Bí ẹni tí ó ya ilé kan kò bá dá yín lójú, ẹ má kọ orúkọ Sharon sí i.

Kíkọ ohun tí ó ń bàjẹ́ sílẹ̀

Èyí ni apá tí ó ká mi lára jù. Ẹ wá ibi tí kọnkéré ti là, tí irin sì ti yọjú. Bí kọnkéré bá ti dàgbà, afẹ́fẹ́ àti omi yóò wọ inú rẹ̀ títí dé ibi tí irin wà. Irin yóò dípẹtà, ìpẹtà náà yóò sì wú ju irin tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì ti kọnkéré síta títí yóò fi já. Kíkùn ún ní ọ̀dà kò wo àrùn yìí sàn. Wọ́n ní láti gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fọ irin náà mọ́, kí wọ́n sì fi ohun èlò tí ó bá ti àtijọ́ mu dí i. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀, ẹ kọ àjà tí ó wà, ìhà tí ó kọjú sí, àti bí ó ṣe gùn tó.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ilé tí ó yẹ kí ó ṣófo. Nítorí àìtó yàrá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti mọ ògiri sáàárín òpó kan sí èkejì, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju iye tí ètò àkọ́kọ́ wà fún lọ, n kò sì bínú sí ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò jókòó. Síbẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé atẹ́gùn tí ń gba abẹ́ ilé kọjá ló ń mú kí àjà òkè tutù, àti pé ògiri kan tí wọ́n mọ nísàlẹ̀ lè sọ wọ́n di ẹni tí yóò máa ra ẹ̀rọ amúlétutù lókè.

Ẹ bá àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ilé. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́, ẹ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ibo ni omi ti máa ń wọlé jù?” Èsì wọn yóò tọ́ka sí ohun tí ojú yín kò rí. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ ya ilé kọ̀ọ̀kan láti ibi kan náà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìhà tí ẹ kọjú sí sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìlà-sí-méjì yẹn, lọ fún ilé ìkàwé yunifásítì náà.